Salaudeen, Dé Fìlà Ẹ!

Ohun tí àdúgbò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé Hùmúàní ń bá òkú jà. Kì í ṣe ìjà ojú àlá, kì í sì í ṣe irú èyí téèyàn máa ń kùn sínú nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Ìjà gidi ni, lójú ọ̀sán, lẹ́yìn ìrun Alásárì, tí fèrèsé pálọ̀ wọn ní Ìkòsì ṣí gbayawu sójú títì.

"Salaudeen! Mo ní kó o dé fìlà ẹ! Àbí o tún fẹ́ kú lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Damaris, tó háyà yàrá iwájú, ń sá aṣọ lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Damaris, ẹlẹ́sìn ni, ẹ̀rù kì í sì í tètè bà á, àmọ́ aṣọ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ sínú iyanrìn. Salaudeen ni baálé ilé náà. Ó ti kú. Damaris gan-an wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àdúrà fídáù ẹ̀, ó sì jẹ nínú ìrẹsì ibẹ̀ dáadáa. Ohun tó tún wá já a láyà ju ti òkú lọ ni orúkọ yẹn. Látìgbà tó ti ń gbé nínú ilé náà, kò gbọ́ kí Hùmúàní pe ọkọ ẹ̀ lórúkọ rí. "Bàbá Abdulkabir" ló máa ń pè é. Bínú ẹ̀ bá dùn gan-an, a ní "Ọkọ mi". Bínú bá ń bí i, kì í pè é ní nǹkan kan. Obìnrin tí kò dárúkọ ọkọ nígbà tí ọkọ wà láyé, tó wá ń pe orúkọ náà gbàǹgbà lẹ́yìn tí ọkọ wọlẹ̀, a jẹ́ pé nǹkan ti ṣe é nìyẹn.

Kí aṣọ tó gbẹ, Damaris ti pe Abdulkabir.

Abdulkabir ni àkọ́bí Hùmúàní. Mende ló ń gbé, nínú ilé tí wọn kì í gbọ́ ariwo aládùúgbò. Ọmọ dáadáa ni, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó máa ń pe ìyá ẹ̀, ó sì máa ń ránṣẹ́ sílé. Àmọ́ irú ọmọ tó máa ń rò pé bóun bá ti gbèrò nǹkan fún èèyàn, onítọ̀hún ti gbà á nìyẹn. Ó pẹ́ tó ti fẹ́ kí ìyá ẹ̀ kúrò ní Ìkòsì kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ohun tó máa dì mú ló ń wá, Damaris sì ti fi lé e lọ́wọ́. Ó ní lọ́jọ́ Sọ́ńdè òun á mú píkọ́ọ̀pù wá, òun á kó ẹrù Mọ́mì, òun á sì ti ilé náà pa. Ó ní òun á mú ẹ̀gbọ́n bàbá òun dání, ìyẹn Alhaji Ọláìyá, nítorí ó mọ̀ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ìyá òun wọlé ọkọ, kò wo ojú Alhaji kó sọ pé rárá rí.

Gbogbo ohun tó ń ṣe ìyá náà kò sì ju géèmù lọ.

Hùmúàní ta àlùbọ́sà ní Mile 12 títí orúnkún ẹ̀ fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Salaudeen ló máa ń wa ọkọ̀ tó ń kó àlùbọ́sà bọ̀ láti Sókótó, ìdí ọkọ̀ náà ni wọ́n sì ti pàdé. Ọmọbìnrin náà fi ìka gún àpò kan láti ìta, ó ní èyí ti rà nísàlẹ̀. Salaudeen ní irọ́ ni. Wọ́n tú àpò náà sílẹ̀ lójú gbogbo ọjà, omi rẹ̀ ń ṣàn. Ọkùnrin náà ní ojú tó lè ti òkè rí ìsàlẹ̀ àpò báyìí, òun á fẹ́ ẹ, kí wọ́n má bàa rẹ́ òun jẹ mọ́. Ọmọ méjì ni wọ́n bí: Abdulkabir, tó ń pàṣẹ, àti Roqeeb, tó ń ṣeré.

Roqeeb ló lọ sí Kánádà, ìlú kan tí òtútù ibẹ̀ máa ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́. Ó fi láptọ́ọ̀pù ẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀, ó ní ó wúwo jù fún ẹrù òun. Orí ẹ̀ ló ti máa ń ṣe géèmù kan kó tó lọ, ìyá ẹ̀ á jókòó tì í, á máa ṣa ẹ̀wà. Nígbà tọ́mọ náà lọ, tí ilé wá dákẹ́ jù, Hùmúàní ṣí ẹ̀rọ náà. Kì í ṣe pé ó fẹ́ ṣeré. Ìró afẹ́fẹ́ tó máa ń jáde nínú géèmù yẹn ló fẹ́ gbọ́, torí pé bó bá ti ń dún, á dà bíi pé ọmọ náà ṣì wà ní pálọ̀.

Ó gbọ́ ọ títí. Nígbà tó yá, ó tẹ̀ ẹ́.

Bí géèmù náà ṣe rí nìyí. Àwọn èèyàn díẹ̀ kan já bọ́ láti ojú ọ̀run sí ilẹ̀ tí wọn ò mọ̀. Ìwọ tó ò ń ṣe é lo máa sọ pé kí eléyìí kọ́lé, kí tọ̀hún dáko, kí ẹnì kan máa dáná, kí wọ́n má bàa kú. Hùmúàní ní kò yàtọ̀ sí ọjà. Ó ti ṣe olórí ẹgbẹ́ alálùbọ́sà rí, ó mọ bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ fáwọn tí kò fẹ́ ṣe é. Wọ́n tún dà bí ọmọ tó ti dàgbà: o lè sọ fún wọn, o ò lè fà wọ́n lọ́wọ́. O máa ní kí wọ́n wá jẹun, wọ́n á lọ sùn. O máa ní kí wọ́n lọ sùn, wọ́n á jókòó síta, wọ́n á máa wo ìràwọ̀. Ó ní Ọlọ́run tó fún òun lọ́mọ ti múra òun sílẹ̀.

Ó sọ wọ́n lórúkọ bó ṣe wù ú. Èyí tó mọ ọdẹ ṣe, tó lè rìnnà jíjìn, tí kì í ráhùn, ló sọ ní Salaudeen. Obìnrin tó mọ aṣọ hun ló sọ ní Kúnbi. Bàbá arúgbó kan wà láàárín wọn tí ẹ̀rọ náà ti pè ní Richard kí Hùmúàní tó débẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣe tán òun kọ́ ló bí i.

Richard yìí nìkan ló ní fìlà tó bo etí, èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn hun. Hùmúàní pè é ní abetí ajá, nítorí kò sóhun tó tún jọ. Nígbà tí ìgbà òtútù dé sí abúlé náà, kò kọ́kọ́ kà á sí. Ọyẹ́ ló mọ̀. Ọyẹ́ á gbẹ èèyàn lẹ́nu, o máa fi òrí pa á, tó bá di ọ̀sán oòrùn á yọ, ó parí. Òtútù inú géèmù kì í lọ bọ̀rọ̀. Yìnyín bo oko, omi dì, ikọ́ sì mú Richard títí ó fi kú. Hùmúàní ní, "Innā lillāhi," lórí ẹni tí kò sí láyé rí.

Ó wá ṣe ohun tí ẹni tó gbẹ̀kọ́ ilé máa ń ṣe. Ó sìnkú, ó sì pín ogún. Ó bọ́ ẹ̀wù Richard fún Salaudeen, ó gbé abetí ajá fún Kúnbi nítorí òun ni etí ẹ̀ kéré jù, ó sì wò ó pé òun ti ṣe dáadáa.

Ńṣe ni ilé dàrú. Kúnbi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kò hun aṣọ mọ́. Ó fọ́ abọ́, ó fọ́ tábìlì, ó sì jáde sínú yìnyín, ó ń rìn káàkiri bí ẹni tí wọ́n sà sí. Hùmúàní pe Roqeeb ní Kánádà.

"Mọ́mì, ẹ bọ́ fìlà yẹn lórí ẹ̀," ni Roqeeb wí, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n. "Inú wọn máa ń bàjẹ́ tí wọ́n bá wọ nǹkan òkú."

"Kí ni wọ́n wá máa ń fi ṣe?"

"Ẹ sun ún."

"Sun kí ni? Fìlà àgbàlagbà? Roqeeb, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbi tó o wà yẹn?"

"Mọ́mì, géèmù ni."

"Mo gbọ́. Fìlà bàbá ẹ tí wọ́n pín fún ẹ ńkọ́? O ti sun ún?"

"Òun ló wà lórí mi báyìí. Mo fi abẹ́ húùdù dé e."

"Ṣé ó ti ń mú ẹ fọ́ abọ́?"

"Rárá, Mọ́mì."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. A jẹ́ pé àwọn wọ̀nyí ni wọn ò nílé."

Kò sun fìlà náà. Ó kọ́ yàrá kékeré kan fún un, ó gbé e síbẹ̀, ó sì tìlẹ̀kùn. Roqeeb ní kò sẹ́ni tó ń ṣe géèmù yẹn láyé yìí tó máa fi odindi yàrá jìn fìlà òkú. Ìyá ẹ̀ ní ó dáa, ẹnì kan ti wà báyìí. Lẹ́yìn náà ló wá kó gbogbo ara ẹ̀ lé fìlà tuntun. Ó wá àgùntàn, ó sìn wọ́n, ó ń rẹ́ irun wọn, Kúnbi tórí ẹ̀ ti padà bọ̀ sípò ń hun. Ó búra pé ìgbà òtútù kejì kò ní bá orí kankan níhòòhò nínú abúlé òun.

Ìgbà òtútù kejì náà ló dé. Orí gbogbo ti bò, àyàfi ti Salaudeen. Wọ́n ti hun fìlà ẹ̀, ó wà nínú ilé, ó ń dúró dè é. Àmọ́ ọkùnrin náà ti bá ìgalà wọ inú yìnyín, bí yóò bá sì dé fìlà, àfi kó kọ́kọ́ wálé. Ohun tí Hùmúàní ń pariwo sí nìyẹn lọ́jọ́ tí aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Damaris. Lọ́jọ́ náà, orí ló kó o yọ. Ó wọlé, ó jẹun, ó sùn, ó sì tún jáde láìdé fìlà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí di Sọ́ńdè.

Nígbà tí píkọ́ọ̀pù dúró lẹ́nu géètì, Hùmúàní wà nídìí ẹ̀rọ. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí Alhaji.

"Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ilé ńkọ́? Omi ti fà?"

Ajégúnlẹ̀ ni Alhaji ń gbé, níbi tí odò Ògùn ti máa ń wá kí wọn nínú yàrá.

"Ó ti fà díẹ̀," ni Alhaji wí, ó sì jókòó. Abdulkabir ò jókòó. Ó ti mú báàgì ńlá mẹ́ta dání, ó sì gba yàrá ìyá ẹ̀ lọ. Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ìyàwó wa," ni Alhaji bẹ̀rẹ̀, "wọ́n ní ò ń pe àbúrò mi lórúkọ."

"Mò ń pè é, Ẹ̀gbọ́n."

"Èyí tó kú yẹn?"

"Òun náà ni. Ó wà nínú yìnyín, kò dé fìlà."

Alhaji wo ojú ẹ̀. Ó yíjú sí yàrá. "Abdulkabir, tètè ṣe."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó ná," ni Hùmúàní wí, ó sì yí láptọ́ọ̀pù náà sí i.

Abdulkabir jáde pẹ̀lú àpò kan ní èjìká, ó bẹjú wò ó. Ojú ẹ̀ yí padà. "Géèmù? Mọ́mì, géèmù? Kí n máa sọ fáwọn èèyàn pé ìyá mi, odindi Alhaja, ń ṣe géèmù? Ìyẹn gan-an burú ju òkú lọ!"

"Sọ fún wọn pé ìyá ẹ ń gbọ́ bùkátà odindi abúlé kan, nínú ilé ara ẹ̀."

"Mọ́mì, kí ló wà ní Ìkòsì yìí? Ní Mende, ẹ ò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ máa jókòó ni. Mo ti fi ẹ́ẹ̀sì sí yàrá yín."

"Ẹ́ẹ̀sì! Òtútù tí mò ń bá jà látàárọ̀ nìyí, o tún wá ra òmíràn dè mí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lábẹ́ fèrèsé, ó sì yáa fi ikọ́ bò ó. Damaris ni.

Alhaji gbé ọwọ́ sókè. Ó ní ti géèmù, òun ò mọ̀ ọ́n, òun ò sì ní dá sí i. Àmọ́ ti orúkọ, òun ò lè gbà á. "Obìnrin kì í pe ọkọ lórúkọ. Yí i padà. Kọ Bàbá Abdulkabir síbẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Lẹ́yìn náà kó o dìde, kó o tẹ̀ lé ọmọ ẹ."

Hùmúàní ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó dìde. Orúnkún náà dùn ún, kò sì jẹ́ kó hàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí. Mi ò ní yí i."

Abdulkabir sọ àpò kalẹ̀.

"Mo pe Bàbá Abdulkabir títí tó fi kú, mo sì pè é dáadáa. Àmọ́ látìgbà tá a ti ṣe fídáù, ta ló tún dárúkọ Salaudeen létí mi? Abdulkabir ń sọ pé 'Dádì tó kú'. Àwọn ará ọjà ń sọ pé 'olóògbé'. Ẹ̀yin gan-an, 'àbúrò mi' lẹ pè é wọlé báyìí. Ọkùnrin yẹn lórúkọ. Àáfà ló sọ ọ́, àgbò ni wọ́n pa sí i. Bí kò bá sẹ́ni tó máa pè é mọ́, èmi á pè é. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, Ọlọ́run tó mọ inú mi ni mo máa jẹ́jọ́ fún, kì í ṣe Damaris."

"Mọ́mì, ẹ má bínú o, mi ò fi ibi ṣe é!" ni ohùn kan ti abẹ́ fèrèsé wá.

"Ta ló ń bá ẹ wí? Máa gbọ́ tìẹ lọ."

Ó padà kọjú sí Alhaji. "Ti pé kí n kó jáde ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n? Nígbà tí omi dé orí bẹ́ẹ̀dì yín, tí gbogbo àwọn ọmọ yín wá fi ọkọ̀ ojú omi dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń sunkún, kí lẹ wí fún wọn?"

Alhaji wo ilẹ̀. Gbogbo ẹbí ló mọ ohun tó wí. Ó ní omi ni àlejò, òun ni onílé.

Àmọ́ Abdulkabir kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ máa ń dá dúró. Ó ti gbé àpò náà, ó ti jáde. Hùmúàní tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, ó ń tiro. Awakọ̀ píkọ́ọ̀pù, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, ti na ọwọ́ gba ẹrù náà.

"Bàbá, ta ló lẹrù yìí?" ni Hùmúàní bi í.

"Ó jọ pé ẹ̀yin ni, mà."

"Ṣé mo ní kẹ́ ẹ gbé e?"

Ọkùnrin náà wo Abdulkabir, ó wo ìyá arúgbó náà. Òun náà níyàá nílé, ó sì hàn lójú ẹ̀ pé kì í ṣe ìyá tí wọ́n ń fi ṣeré. Ó gbé àpò náà padà sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó rọra gbé e kalẹ̀, ó sì lọ jókòó sínú ọkọ̀ ẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ̀ ń dójú tì mí," ni Abdulkabir wí jẹ́jẹ́.

"Wá níbí. Ọmọ dáadáa ni ẹ́, Abdulkabir, mo sì máa ń sọ ọ́ lórí ẹní ìrun. N ó wá kí ẹ ní Mende. N ó sùn síbẹ̀. N ó jẹ oúnjẹ ìyàwó ẹ, n ó sì yìn ín. Lẹ́yìn náà n ó padà sílé mi. Lọ́jọ́ tí mi ò bá mọ̀ mọ́ pé bàbá ẹ ti kú, ìgbà yẹn ni kó o wá gbé mi. Mo mọ̀ pé ó kú. Ọwọ́ mi yìí ló kú sí."

Ó na ọwọ́ náà sí i. Abdulkabir wò ó. Bóyá ì bá dì í mú bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, àmọ́ ariwo kan bẹ́ nínú pálọ̀.

"Salaudeen! Ìwọ Salaudeen! Wálé! Kí ló dé tọ́mọ yìí lágídí báyìí?"

Wọ́n sáré wọlé. Alhaji Ọláìyá ti sún àga mọ́ tábìlì, imú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀rọ. Nínú yìnyín, ọkùnrin kékeré náà ń lé ìgalà lọ, orí ẹ̀ níhòòhò.

"Bó ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn," ni Alhaji wí, láì bojú wẹ̀yìn. "Màmá wa á pè é títí. Kò ní gbọ́. Ìyàwó wa, wọ́n kọ ọ́ síbí pé etí ẹ̀ ti ń kú! Ṣe nǹkan sí i!"

Hùmúàní jókòó. Ó gbàṣẹ ọdẹ kúrò lọ́wọ́ Salaudeen. Ọkùnrin náà dúró sójú kan, bí ẹni tó ń rò ó. Ìgalà lọ. Damaris ti wọlé, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ló ń wá. Salaudeen wá yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀, ó ń fẹsẹ̀ wọ́ inú yìnyín, ó la oko kọjá, ó la ilé àgùntàn kọjá, ó sì wọlé. Ó gbé fìlà náà, ó sì dé e.

"Alhamdulillahi," ni Alhaji wí. "Fìlà wo nìyẹn?"

"Abetí ajá tuntun ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó ti fa etí ẹ̀ wálẹ̀?"

"Ó ti fà á wálẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Ó fara ti àga. Kò pẹ́ tó tún fi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà. "Ta tún ni ti ìta yẹn? Èyí tó ń gba ẹnu ọ̀nà bọ̀ yẹn?"

"Àjèjì ni. Ó ní ká gba òun sílé."

"Òun náà ò dé fìlà! Ìyàwó wa, irun àgùntàn ṣì kù?"

"Ó máa tó, bí Kúnbi bá bẹ̀rẹ̀ báyìí."

"Kó bẹ̀rẹ̀ ná. Kí ló tún ń dúró dè?"

Abdulkabir dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. "Alhaji, ọkọ̀ ń dúró o. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Máa lọ," ni Alhaji wí, ojú ẹ̀ kò kúrò lára yìnyín. "Damaris, tan iná, ilẹ̀ ń ṣú."

Àgbà kan ni Abdulkabir wá gbé kúrò ní Ìkòsì. Àgbà méjì ló fi sílẹ̀ níbẹ̀, píkọ́ọ̀pù náà sì padà sí Mende lófìfo.